Kí Màmá Ró Ìró Wọn Fúnra Wọn

Àárọ̀ ilé náà ni mo ń ṣàárò jù. Kí oòrùn tó gun òrùlé páánù, omi á ti máa dà wàwà sínú bàsíà, èéfín á ti máa rú láti ilé ìdáná níbi tí wọ́n ti ń se ẹ̀kọ, ọ̀kan nínú àwọn bàbá á sì ti máa ké láti inú yàrá pé, "Ta ló wà níbẹ̀? Ilẹ̀ ti mọ́ o!" Òórùn ọṣẹ dúdú, ti òrí tí a fi ń pa wọ́n lára, ti ọsàn tó ń já lulẹ̀ lẹ́yìn ọgbà, gbogbo rẹ̀ á wá dàpọ̀ mọ́ra wọn. Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn òrí níbì kan, ilé yẹn ni ọkàn mi máa ń lọ.

Ilé ìtọ́jú àwọn àgbà ni, ní Ìfọ̀nyìn, ní ìhà ẹnubodè tí wọ́n ti ń sọ Faransé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tó lọ sí Dáàgbé. Ìjọ kan ló dá a sílẹ̀. Kì í ṣe ibi tí wọ́n ń gbé òbí jù sí, bí àwọn kan nínú ìlú ṣe máa ń sọ. Àwọn tí àìsàn gbé ṣánlẹ̀, tí ilé ìwòsàn ti sa gbogbo ipá wọn lórí wọn, ni wọ́n ń gbé wá sọ́dọ̀ wa kí ara wọn lè mókun díẹ̀ kí wọ́n tó padà sílé. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Àmọ́ nígbà tí mo débẹ̀, àwọn tó ń padà sílé kò tó nǹkan. Ẹni tó bá fi ọ̀pá rìn wọlé, tó bá ṣe oṣù mélòó kan lọ́dọ̀ wa, orí ibùsùn la ó ti máa bá a, kò ní lè dìde mọ́. Ọjọ́ ogbó la kà á sí. Kò sí ẹni tó bi ara rẹ̀ léèrè pé ṣé àwa náà kọ́ la ń dá kún un.

Iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ni èmi àti àwọn obìnrin díẹ̀ ń ṣe níbẹ̀. A mọ iṣẹ́ wa, a sì ń fi yangàn. Kí oúnjẹ àárọ̀ tó tutù, a ti wẹ̀ fún gbogbo wọn, a ti wọṣọ fún wọn, a ti bọ́ wọn yó, a ti tò wọ́n sórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ara wọn á máa dán, aṣọ wọn á mọ́ tónítóní. Bí àwọn ẹbí bá dé, wọ́n á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ ń tọ́jú wọn gan-an ni." Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé náà nìyẹn. Ta ló máa káwọ́ gbera, táá máa wo ìyá àgbà tó ń bá kóló ìpara jà, tí kò ní gbà á lọ́wọ́ wọn kó bá wọn ṣí i?

Ọ̀rẹ́ mi kan wà láàrin wa tó yára ju gbogbo wa lọ. Ó lè jókòó sáàrin bàbá méjì kó máa bọ́ wọn pọ̀, ṣíbí kan síbí, ṣíbí kan sọ́hùn-ún, tí àwàdà kò sì ní dákẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Òun ló kọ́ mi níṣẹ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni mo sì ń wò ṣiṣẹ́.

Ó ti ṣe díẹ̀ tí mo ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó gbé ọ̀gá tuntun wá fún wa. Màjọ́ọ̀ là ń pe ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì lọ́dọ̀ tiwa. Ìyá kan tó ga, tó pupa díẹ̀ ni wọ́n, ará apá Kétu. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn yàtọ̀ sí tiwa, a sì máa ń sín in jẹ lẹ́yìn wọn. A rò pé wọ́n á jókòó sí ọ́fíìsì bíi ti ẹni tí wọ́n gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn ò jókòó. Wọ́n ká ọwọ́ aṣọ wọn sókè, wọ́n bá wa wẹ̀ fún àwọn àgbà, wọ́n bá wa tẹ́ ibùsùn, wọn ò sì bá ẹnikẹ́ni wí fún ọjọ́ pípẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ní, "Eléyìí ń ṣọ́ wa ni. Ẹ jẹ́ ká máa wò ó."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí àwọn àgbà ti sùn, wọ́n pè wá sí ilé ìjẹun. Oúnjẹ ọ̀sán tiwa ti wà lórí tábìlì, ìrẹsì àti ọbẹ̀ tòmátì. Wọ́n ní ká jókòó, ká fi ọwọ́ wa méjèèjì sábẹ́ itan, ká má ṣe yọ ọ́. Wọ́n wá fa àga wọn súnmọ́ ti ọ̀rẹ́ mi, wọ́n mú ṣíbí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ọ. Ẹ̀rín pa wá. Òun náà ń rẹ́rìn-ín. Àmọ́ Màjọ́ọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń bá èmi sọ̀rọ̀ nípa òjò tó rọ̀ lánàá, ojú wọn wà lọ́dọ̀ mi, ṣíbí ń lọ sẹ́nu ọ̀rẹ́ mi léraléra. Ọbẹ̀ ń ṣàn ní àgbọ̀n rẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀yìn ṣíbí ha á kúrò, wọ́n sì dà á padà sí i lẹ́nu. Kò pẹ́ tí ẹ̀rín fi tán lójú ọ̀rẹ́ mi. Ó yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ẹ jọ̀wọ́, Màjọ́ọ̀. Ẹ ò jẹ́ kí n gbé èyí tó wà lẹ́nu mi mì."

Wọ́n gbé ṣíbí sílẹ̀. Wọ́n fi aṣọ nu ẹnu rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Má bínú. Bẹ́ẹ̀ lèmi náà ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀, kí n tó di ọ̀gá. Ẹnì kan ló jókòó tì mí báyìí lọ́jọ́ kan. N kò lè gbàgbé bó ṣe rí lára mi."

Nígbà tó yá, ọ̀rẹ́ mi yọ ọwọ́ rẹ̀ lábẹ́ itan, ó ń fi ọ̀kan ra èkejì. Ohùn rẹ̀ le nígbà tó sọ̀rọ̀. "Mo gbọ́ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ṣé kí wọ́n máa jẹun fúnra wọn ni? Tí wọ́n bá ń jẹ ẹ́ fúnra wọn, ọ̀sán á pọ́n ká tó kúrò lórí oúnjẹ àárọ̀. Aṣọ á dọ̀tí. Olùdarí ilé yìí á dé, á bá ilé bó ṣe rí. Ta ni wọ́n máa bínú sí? Àwa yìí náà ni."

"Èmi ni wọ́n máa bínú sí," Màjọ́ọ̀ dáhùn. "Ṣé a gbà bẹ́ẹ̀, dakọ́ọ̀? Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi."

A kò gbà wọ́n gbọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, wọ́n lọ bá olùdarí ilé náà nínú ọ́fíìsì, a sì ń gbọ́ ohùn wọn méjèèjì, Faransé ń ròkè, ó ń rodò. Nígbà tí Màjọ́ọ̀ jáde, wọ́n sọ fún wa pé kò sí ẹni tó máa wá wo ilé kí ọ̀sán tó pọ́n mọ́, àti pé wíwẹ̀ kì í ṣe ohun tí gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n wá ní kí kálukú wa mú àgbà kan, kó bi í léèrè ohun kan ṣoṣo tó wù ú láti tún máa ṣe fúnra rẹ̀. Ohun kékeré ni o, wọ́n tẹnu mọ́ ọn.

Èmi mú ìyá kan tí wọ́n gbé wá láti Kó-Kúmólú. Láyé ìgbà tí ara wọn le, gàrí ni wọ́n ń tà ní Ìgólò, lẹ́bàá ẹnubodè, níbi tí àwọn ará Ìdí-Ìrókò ti ń wá ra á. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló gbé wọn ṣánlẹ̀, apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn sì rọ. Wọn kì í yọni lẹ́nu. Bí mo bá ní kí wọ́n yíjú síbí, wọ́n á yíjú. Ẹni jẹ́jẹ́ ni mo pè wọ́n.

Mo bi wọ́n léèrè nígbà tí mo ń pa òrí fún wọn lẹ́sẹ̀. "Màmá, kí ló wù yín kí ẹ tún máa fúnra yín ṣe?"

Mo rò pé wọn ò gbọ́. Mo ti ń kó kóló òrí nílẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́, ojú wọn sì wà lára ògiri.

"Kí n ró ìró mi."

Mo dúró. Ẹ̀wù gbọ̀ọ̀rọ̀ kan tó là sílẹ̀ lẹ́yìn ni à ń wọ̀ fún wọn látọjọ́ tí wọ́n ti dé, torí pé ó rọrùn fún wa láti wọ̀ àti láti bọ́. Kò sí ẹni tó bi wọ́n bóyá ó wù wọ́n.

"Ìró tèmi," wọ́n tún un sọ. "Ẹ̀yìn mi ṣí sílẹ̀ bíi ti ọmọ ọwọ́. Gbogbo ayé ń wò mí." Omi ti dé ojú wọn. Ẹni tí mo pè ní jẹ́jẹ́ yìí, ìtìjú ni kò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀.

Àpò aṣọ wọn wà lábẹ́ ibùsùn látìgbà tí wọ́n ti gbé wọn wá. A tú u. Wọ́n mú ìró kan tó ní àwọ̀ búlúù nínú rẹ̀, wọ́n gbé e sí imú, wọ́n gbóòórùn rẹ̀.

Ríró ìró pẹ̀lú ọwọ́ kan kì í ṣe nǹkan kékeré. Màjọ́ọ̀ wá fi bí a ó ṣe ṣe é hàn wá. Màmá á fara ti ògiri, wọ́n á fi apá ọ̀tún tó rọ náà há etí aṣọ kan mọ́ ìhà, bí ìgbà tí ènìyàn bá há nǹkan mọ́ abíyá, wọ́n á wá fi ọwọ́ òsì fa etí kejì yí ara wọn ká, wọ́n á sì ki etí rẹ̀ bọnú. Ní ìbẹ̀rẹ̀, aṣọ a máa já bọ́ sílẹ̀. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fà á, á tún já bọ́. Ọwọ́ mi á ti nà jáde láìmọ̀. Màjọ́ọ̀ á wò mí, wọ́n á kàn fi ọwọ́ tiwọn sẹ́yìn, èmi náà á fi tèmi sẹ́yìn. Iṣẹ́ tó le jù tí mo ṣe nílé yẹn nìyẹn, kí n dúró, kí n má ṣe nǹkan kan, kí n sì wà nítòsí tó bẹ́ẹ̀ tí màmá kò fi ní ṣubú. Ó ń rẹ̀ mí ju pípọn omi lọ.

Lójoojúmọ́, nígbà tí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ bá dé láti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa, Màjọ́ọ̀ á ní ká jókòó sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìnkùlé. Ẹ̀pà bíbọ̀ tàbí àgbàdo sísun á wà níbẹ̀ bí ìgbà rẹ̀ bá tó. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi wá: "Kí lẹ rí lónìí?" Wọn kì í béèrè ohun tí a parí. Ní àkọ́kọ́, a ò mọ ohun tí a ó sọ. Ẹnì kan á ní, "N kò rí nǹkan kan, Màjọ́ọ̀." Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, a bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wa du ọ̀rọ̀ sọ. Ìyá kan ti fúnra rẹ̀ fọ eyín. Bàbá kan ti dìde lórí àga kí ẹnikẹ́ni tó fà á. Bí ẹnì kan bá sọ tirẹ̀, Màjọ́ọ̀ á pàtẹ́wọ́, wọ́n á ní kó fi bó ṣe ṣe é han àwa tó kù. Mo ti ṣiṣẹ́ láwọn ibòmíràn látìgbà náà, wọ́n ti fún mi ní ẹ̀bùn ìparí ọdún rí, wọ́n ti fi ìwé yìn mí. Kò sí èyí tó dùn mọ́ mi tó àtẹ́wọ́ yẹn.

Ọ̀rẹ́ mi nìkan ni kò tíì ní nǹkan sọ. Bàbá kan tó ti ṣe télọ̀ rí ló mú, tàbí ká kúkú sọ pé òun ni wọ́n fi sílẹ̀ fún un. Bàbá náà kì í sọ̀rọ̀. Ife ẹ̀kọ ni ọ̀rẹ́ mi gbé lé wọn lọ́wọ́, ọwọ́ wọn sì ń gbọ̀n. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, gbogbo ẹ̀kọ náà dà sára aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, aṣọ funfun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Ó jáde síta, ó ń pariwo, "Ṣé ẹ rí i? Ṣé mi ò sọ fún yín? Ta ló máa fọ èyí?"

Màjọ́ọ̀ jáde tọ̀ ọ́. "Bọ́ ọ wá."

Wọ́n gba aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fún un ní tiwọn kó wọ̀, wọ́n jókòó ti bàsíà, wọ́n sì fọ̀ ọ́ níṣojú gbogbo wa. Wọ́n sá a sórí okùn. Ọ̀rẹ́ mi dúró, aṣọ ọ̀gá fẹ̀ lọ́rùn rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó padà wọlé lọ bá bàbá náà. Ó da ẹ̀kọ díẹ̀ sínú ife, kò kún, ó gbé e lé wọn lọ́wọ́, ó jókòó síwájú wọn. Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, ẹ ó mọ̀ pé kì í lè dákẹ́. Ó dákẹ́ lọ́jọ́ náà. Bàbá gbé ife dé ẹnu, wọ́n mu ún, wọ́n sì gbé e kalẹ̀.

"Ó dùn," bàbá wí.

A ò tíì gbọ́ ohùn wọn rí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà lábẹ́ igi máńgòrò, ọ̀rẹ́ mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó sọ ọ́ títí, ó sì sunkún sí i.

Bí nǹkan ṣe ń dáa bọ̀ lọ́dọ̀ tiwa, àwọn ẹbí kò mọ̀. Ọmọ màmá tí mò ń tọ́jú, ọkùnrin kan tó ń ṣẹ́ owó ní Ìgólò, gun ọ̀kadà tí à ń pè ní zẹ́mì wá ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan láìsọ tẹ́lẹ̀. Ó dé ẹnu ọ̀nà yàrá, ó bá ìyá rẹ̀ tó fara ti ògiri, tó ń mí hẹlẹ hẹlẹ, tí ìró ń bọ́ lọ́wọ́ wọn, èmi sì dúró tì wọ́n, ọwọ́ mi wà lẹ́yìn.

"Kí lèyí?" Ó pariwo mọ́ mi. "Ìyá mi ń jìyà, ìwọ ń wò wọ́n! Ṣé torí kí ẹ lè máa fi wọ́n ṣe ìran wò la ṣe gbé wọn wá síbí ni?"

Mo fẹ́ ṣàlàyé, kò dúró gbọ́. Ó wọlé, ó na ọwọ́ sí aṣọ náà láti bá wọn ró o.

"Mú ọwọ́ rẹ kúrò," màmá sọ.

Ó dúró.

"Ìwọ ni mo bí, kì í ṣe ìwọ lo bí mi. Aṣọ mi ni. Jáde síta, kí o dúró dè mí."

Ó jáde. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Màmá mí kanlẹ̀. Wọ́n há etí aṣọ mọ́ ìhà, wọ́n fa èkejì yíká, wọ́n ki etí rẹ̀ bọnú. Ó dúró. Wọ́n gbọn ara díẹ̀ láti mọ̀ bóyá á bọ́. Kò bọ́. Wọ́n wò mí, wọ́n sì fi orí tọ́ka sí ọ̀pá. Mo gbé e fún wọn. A rìn jáde, èmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, n kò dì wọ́n mú. Nígbà tí ọmọ wọn rí wọn lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n dúró lórí ẹsẹ̀ wọn, tí ìró búlúù náà yí wọn lára dáadáa, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ǹtì. "Màámi," ló ń wí. "Màámi."

Ó fẹ́ bẹ̀ mí kó tó lọ. Mo ní kò sí wàhálà. Lóòótọ́, kò sí. Àwa náà ti ronú bíi tirẹ̀ rí.

Màmá padà sí Kó-Kúmólú nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀. Mo lọ kí wọn lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Mo bá wọn lórí àpótí níwájú ilé, àwọn obìnrin ilé ń bó gbágùúdá, màmá náà sì ń bá wọn bó o, díẹ̀díẹ̀, wọ́n fi ẹsẹ̀ méjèèjì di gbágùúdá náà mú, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ òsì. Mo fẹ́ bá wọn bó o. Wọ́n ní kí n jókòó, àlejò ni mí. Wọ́n dìde, wọ́n lọ bu omi fún mi fúnra wọn, èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ sì dà sílẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Mo mu èyí tó kù. Ilé wọn ni wọ́n kú sí, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ọmọ wọn ló wá sọ fún mi.

Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, wọ́n ti gbé Màjọ́ọ̀ lọ sí ibòmíràn, lápá òkè. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ lọ, ọkọ̀ ti dé sí ẹnu géètì. Àwọn àgbà gbọ́. Kò sí ẹni tó rán wọn níṣẹ́. Ọ̀kan dìde lórí àga, òmíràn dìde, èyí fi ọ̀pá, èyí di irin ọ̀dẹ̀dẹ̀ mú. Bàbá télọ̀ ò lè dìde, ọ̀rẹ́ mi sì fẹ́ gbé wọn, wọ́n kọ̀. Wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè lórí àga, ọwọ́ tó ń gbọ̀n náà, wọ́n ń jù ú sí Màjọ́ọ̀. Màjọ́ọ̀ rìn kọjá níwájú wọn, wọ́n ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ àwa tí a wọ aṣọ funfun. Wọ́n kàn fọwọ́ kan èjìká wa, wọ́n wọ ọkọ̀.

Ilé náà ṣì wà ní ojú ọ̀nà Dáàgbé. Wọ́n ti kùn ún ní ọ̀dà tuntun, wọ́n sì ti gé igi máńgòrò láti kọ́ yàrá sí i. Àwọn ọmọbìnrin tí n kò mọ̀ ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ báyìí. Bí mo bá ń lọ sí ọjà, mo máa ń yà síbẹ̀ kí wọn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí ọ̀kan nínú wọn tó dúró ti ìyá kan tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ di bọ́tìnnì ẹ̀wù. Ọmọ náà ń wo aago ara ògiri. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Nígbà tí ìyá náà di bọ́tìnnì ìkẹyìn tán, mo pàtẹ́wọ́ fún àwọn méjèèjì. Ojú ti ọmọ náà díẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín.